Ọjọ́ Tí Sigvard Fi Ọ̀rọ̀ Dá Ọgọ́ta Màlúù Dúró

Ẹ fa àga mọ́ra. Ìtàn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí kì í ṣe ti ìlú ẹlòmíràn, tiwa ni, ní Björknäset, ní àríwá Sweden. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ fi Sigvard Ekmark rín, torí òun ló ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ̀rín díẹ̀ kù fún àwa yòókù. Sigvard kò dá gun àkàbà. Àwa la gbé àkàbà wá, àwa la dì í mú, àwa náà la sì ń sọ pé ó ku díẹ̀, ẹ máa gòkè.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní Björknäset, ọgọ́ta màlúù ló sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà òtútù tiwa kò mọ ojú. Oṣù méje ni yìnyín máa ń jókòó sórí pápá bí àlejò tí wọ́n ti kí pé ó dàbọ̀ tí kò gbọ́. Nínú oṣù méje yẹn, inú ilé ni màlúù ń gbé. Nígbà tí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ, tí koríko tútù bá yọrí, ọjọ́ kan máa ń wà tí a máa ń tú gbogbo wọn sí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo ìlú á sì wá wòran. Ẹ ò tíì rí nǹkan bí ẹ ò bá tíì rí màlúù tó ti bímọ mẹ́fà tó ń fò sókè, tó ń ta ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tó ń yí bìrí bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìparí iléèwé fún. Àwọn èèyàn á jẹ wáfù oníjáàmù, wọ́n á mu kọfí tí wọ́n gé wàràkàṣì sí bí àṣà àríwá, wọ́n á wá lọ sílé, inú wọn á sì máa dùn títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Gunvor, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn màlúù náà, ti fi ń ṣí géètì fún wọn ní aago méjìlá ọ̀sán. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìkíni tó máa ń sọ kò ju èyí lọ: "Ó yá."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Sigvard ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ní ilẹ̀ wa, orúkọ là ń pe ara wa. Dókítà tó gbẹ̀bí rẹ, orúkọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta á pe olùkọ́ rẹ̀ lórúkọ lásán, sánmà ò sì ní ya. Sigvard ní òun ò gbà. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé Ọ̀gá Àgbà ni kí a máa pe òun. Ó gbé àwòrán ara rẹ̀ mẹ́rin kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: nínú ọ̀kan, ó di ọkà tí kò gbìn mú, nínú ìkejì, ó jókòó sórí katakata tí kò lè wà, nínú ìkẹta, ó ń wo ọ̀ọ́kán, nínú ìkẹrin, ó ń wo àwòrán kẹta. Ó ní kí a ya ibi ìgbọ́kọ̀sí kan sọ́tọ̀ fún òun lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkò dé. Nígbà òtútù, àràárọ̀ la máa ń kó yìnyín kúrò níbẹ̀ kí Ọ̀gá Àgbà lè fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀.

Kí wá ni àwa ṣe? A ṣe fíìu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ará àríwá kì í fi ẹnu ṣòfò lórí "bẹ́ẹ̀ ni". A kàn máa ń fa èémí sínú láàrin eyín, fíìu, bí ẹni tí ọbẹ̀ gbígbóná ta sí lẹ́nu. Àlejò á rò pé nǹkan gún wa ni. Rárá o, a gbà ni. Sigvard sì fẹ́ràn fíìu yìí ju oúnjẹ lọ. Bó bá wọ yàrá tó sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ fíìu, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí ẹnì kan á fi mí sínú.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wa ni Ylva, akọ̀wé rẹ̀. Ẹ má bú u. Iṣẹ́ ọlọ́dún kan ni wọ́n gbà á sí, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà ni yóò parí, Sigvard nìkan ló sì lè fọwọ́ sí ìwé kí ó máa bá a lọ. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, Tuva, ọmọ ọdún mẹ́rin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n bí Ylva pẹ̀lú àyà jíjá ni. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bí fóònù ò bá dún, á já pẹ̀lú. Bí Tuva bá sín lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá rẹ̀ ti ń wá nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. Péà ìbọ̀sẹ̀ méjì là ń dì fún ọmọ lọ sí jẹ́léósinmi. Márùn-ún ni Ylva máa ń dì, bí ẹni pé ọmọ náà ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ màlúù, Sigvard pe ìpàdé. Gómìnà ẹkùn wa, Harriet, ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wòran.

Sigvard dìde, ó sì tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà. "Láti ọgbọ̀n ọdún, kí ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń ṣe? A ṣí ilẹ̀kùn, màlúù jáde. Ṣé àṣà nìyẹn? Ìjàǹbá nìyẹn! Lọ́dún yìí, màlúù kò ní jáde lásán. Màlúù yóò jáde pẹ̀lú ìtumọ̀."

"Fíìu," ni Roland, olùkọ́ katakata, wí.

"Èmi yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni. Ogójì ojú ewé."

"Fíìu."

"Lẹ́yìn náà, wọn yóò jáde ní méjì-méjì, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn. Kí ẹ wẹ̀ wọ́n. Géètì irin yẹn kò yẹ nínú fọ́tò. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi onígi funfun fẹ́lẹ́ kan rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀ka tútù igi bíọ́kì, igi eléèpo funfun inú igbó wa, ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ látòkè délẹ̀."

Roland ti ń kó èémí jọ, ni Gunvor bá wúkọ́ díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé màlúù dé ni, bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Sigvard, màlúù ò mọ ètò o. Láti oṣù Kẹwàá ni wọn ò ti fẹnu kan ewé tútù. Wọ́n á jẹ géètì ẹ."

Sigvard rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè nípa òṣùpá. "Gunvor, bí ọ̀gá bá ní ẹ̀kọ́, ẹran rẹ̀ á ní ẹ̀kọ́."

"Ìwọ lọ̀gá wọn? O ò tíì wọ ilé wọn rí."

"Mo ti rí i nínú fọ́tò," ni Sigvard dáhùn, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. "Ní ìparí ọ̀rọ̀ mi, èmi yóò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọkà kan sókè, èmi yóò mì í kí gbogbo ayé gbọ́, èmi yóò sì da ọkà náà sílẹ̀ níwájú Gómìnà. Irúgbìn ọgbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ pupa. Ylva ni yóò gbé e fún mi."

"Fíìu," ni Ylva wí, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wéréwéré.

"Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò dúró níwájú géètì, wọn yóò di ríbọ́nù mú. Ọmọ kéékèèké máa ń dára nínú fọ́tò."

Bírò Ylva dúró. Ọmọ mẹ́jọ péré ló wà ní jẹ́léósinmi Björknäset. Tuva ni ìkẹta nínú wọn bí wọ́n bá tò ní gíga-gíga.

Sigvard bojú wò ó. "Ylva? Ṣé kò burú? Ìwé iṣẹ́ rẹ ti wà lórí tábìlì mi. Lẹ́yìn ayẹyẹ yìí, bí gbogbo nǹkan bá lọ geere, màá fọwọ́ sí i."

Ylva ya ẹnu láti sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lára bí kóró èso tí èèyàn fẹ́ tu. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbọ́ ọ tó dún nínú yàrá náà, fíìu, ó sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ṣe é. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ni, àti àwòrán Sigvard.

Nígbà tó lọ mú Tuva ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà ti gbọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Màmá, àwa la máa di ríbọ́nù mú! Èmi ni màá wà láàrin!"

"Ṣé láàrin gan-an?"

"Láàrin gan-an! Majros á kọ́kọ́ rí mi!"

Majros ni olórí àwọn màlúù náà. Ó wúwo tó ọkọ̀ kékeré kan.

Ylva wa kẹ̀kẹ́ délé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ̀wé sí Sigvard. "Sigvard, mi ò gbà." Ó pa á rẹ́. "Ọ̀gá Àgbà, mo ní ìbẹ̀rù díẹ̀ nípa ibi tí àwọn ọmọ máa dúró." Ó pa á rẹ́, torí "ìbẹ̀rù" le jù. Ó fi "èrò" dípò rẹ̀. Èrò náà le jù. Ó kọ ọ́ nígbà mẹ́sàn-án, ó pa á rẹ́ nígbà mẹ́sàn-án, ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ sì jóná. Èyí tó wá fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí: "Ọ̀gá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ríbọ́nù yẹn, ṣé kó jẹ́ búlúù?"

Èsì dé kíá: "Búlúù."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Gunvor ní ilé màlúù. Gunvor mú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan lórí ìṣó, ó bu ọkà sí i, ó mì í lẹ́ẹ̀kan. Ṣàkàṣàkà. Ọgọ́ta orí gbéra sókè nígbà kan náà. Ọgọ́fà ojú dúdú ranjú mọ́ ọn.

"Bí mo ṣe ń pè wọ́n látìgbà òtútù nìyẹn," ni Gunvor wí. "Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn ò mọ ohun tó wà láàrin wọn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Ògiri ni o, èèyàn ni o."

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní ojú mi ti dógbó sínú ìgbẹ́ ẹran, mi ò lè rí ìtumọ̀." Gunvor gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sórí ìṣó. "Ylva, ìwọ lo ń kọ ètò. Ìwọ náà lo máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání lọ́jọ́ náà. Ta ló wá sún mọ́ ọn jù ẹ́ lọ?"

"Ìwé iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Gunvor wí, ó sì mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Èyí gan-an ló dun Ylva. Ká ní ó bú u ni, ì bá rí nǹkan fi sunkún.

Ọjọ́ náà pé. Òjò wẹẹrẹ ń rọ̀, irú èyí tí kò lè lé èèyàn wọlé tí kò sì ní jẹ́ kí ara gbẹ. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn dúró lẹ́yìn okùn tí a ta, pẹ̀lú ọmọ, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú kọfí. Gómìnà Harriet dé nínú bàtà rọ́bà, torí ọmọ àgbẹ̀ ni. Sigvard dé nínú kóòtù funfun. Wọ́n ti kan pèpéle kan fún un sáàrin pápá, ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré sí géètì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré sì wà lọ́rùn kóòtù rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè fò. Géètì tuntun náà dúró, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé bò ó bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Níwájú rẹ̀ ni ọmọ mẹ́jọ tò sí, ríbọ́nù búlúù wà lọ́wọ́ wọn. Tuva wà láàrin, ó dé fìlà pupa. Lẹ́yìn ewé yẹn ni ọgọ́ta màlúù tí wọ́n ti wẹ̀ wà, tí inú ń bí.

Aago méjìlá lù. Sigvard ṣí ojú ewé kìíní.

"Kí ni màlúù?" Ohùn rẹ̀ dún títí dé igbó. "Mo tún bi yín: kí ni màlúù? Màlúù ni èrò tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin! Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rí màlúù kan ní òkèèrè. Ó wò mí. Mo wò ó. Mo sì wí fún ara mi pé: Sigvard, ìwọ yóò jẹ́ aṣáájú."

"Mùúù," ni Majros dá a lóhùn láti inú ilé.

Èrò pàtẹ́wọ́ fún Majros. Sigvard tẹrí ba.

Ojú ewé kẹta lọ, ìkarùn-ún lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rán kóòtù rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ wé odò, ó fi ara rẹ̀ wé afárá orí odò náà. Ẹnì kankan kò lọ, ẹnì kankan kò ráhùn. Ká já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Àwa? Ó tẹ́ wa lọ́rùn kí òjò pa wá kú lórí ìlà. Kọfí tutù. A mu ún bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Majros kì í ṣe ọmọ Sweden tó bẹ́ẹ̀. Ní ojú ewé keje, ó na ahọ́n gba àárín igi, ó fa ẹ̀ka kan wọlé, ó jẹ ẹ́. Ní ojú ewé kẹsàn-án, gbogbo ará ilé rẹ̀ ti ń bá a jẹun. Ní ojú ewé kẹrìnlá, apá òsì géètì ti wà ní ìhòòhò, apá ọ̀tún sì ti ń mì jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀, torí bí wọ́n bá fa ẹ̀ka, wọ́n á fa igi tí wọ́n dì í mọ́.

Ylva dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa mọ́ra kí ọkà inú rẹ̀ má baà mì.

Gómìnà Harriet tẹ̀ sí i létí. "Bàbá mi ò ní jẹ́ kí ọmọ dúró síwájú màlúù láyé. Àwọn ọmọ yẹn á kúrò níbẹ̀ kí géètì tó ṣí, àbí?"

"Ó wà nínú ètò pé kí wọ́n wà níbẹ̀," ni Ylva dáhùn.

"Ta ló kọ irú ètò yẹn?"

Ylva wo fìlà pupa kékeré yẹn. Tuva rí i, ó ju ọwọ́ kan sí i, ó tún rántí, ó sáré di ríbọ́nù mú padà.

"Èmi ni," ni Ylva wí. "Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́."

Àwọn màlúù ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí Sigvard tó wà lórí pèpéle ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́. Ó pinnu láti fo ojú ewé mọ́kànlélógún, ìpinnu ọgbọ́n kan ṣoṣo tó ṣe láàrin ọdún méjì, ó sì bọ́ sí àkókò tí kò dára. Ó na ọwọ́ láìbojú wẹ̀yìn.

"Wàyí o, irúgbìn ọgbọ́n! Ylva. Bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Afẹ́fẹ́ tún fẹ́ wọlé. Ylva mọ̀ ọ́n lára tó ń bọ̀, tútù, láàrin eyín. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn.

"Rárá."

Ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn Sigvard gbé ọ̀rọ̀ náà, ó pín in fún ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn. Ìyá kan tó jókòó sọ́wọ́ iwájú jẹ́ kí wáfù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé a ò mọ ọ̀rọ̀ náà o. A ò kàn rò pé èèyàn lè sọ ọ́ ní gbangba ni.

"Ylva," Sigvard sọ wúyẹ́wúyẹ́, wúyẹ́wúyẹ́ tí wọ́n gbọ́ dé ìkángun pápá. "Rántí ìwé iṣẹ́ rẹ."

"Mo rántí. Fi ìwé náà jẹ wáfù. Sigvard, dákẹ́ díẹ̀ ná." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò sì dà bí akọni rárá. "Ẹ̀yin ọmọ! Ẹ ju ríbọ́nù sílẹ̀! Ẹ sáré bọ̀ níbí! Tuva, máa bọ̀! Máa bọ̀ kíá!"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ètò ni wọ́n kọ́ wọn, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. Ylva gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ sórí koríko, ó sì sáré lọ bá wọn. Gómìnà sáré tẹ̀ lé e, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ń ta sókè lábẹ́ bàtà rọ́bà méjèèjì. Ọ̀kan gbé méjì, èkejì gbé méjì, àwọn yòókù di etí aṣọ wọn mú, Gunvor sì ká okùn sókè fún wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí ọmọ kẹjọ kọjá lábẹ́ okùn, Ylva kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, torí Ylva ni.

Bí Sigvard bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, ìtàn wa ì bá parí síbí, òun ì bá sì wà lọ́ọ́fíìsì di òní. Àmọ́ ó rí fọ́tò rẹ̀ tó ń bàjẹ́ lójú ara rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sókè gan-an.

"Mo wí pé," ló ké, "irúgbìn! Ọgbọ́n!"

Ó sì mì í. Ṣàkàṣàkàṣàkà.

Géètì kò ṣí. Ó kàn di ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọgọ́ta màlúù jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àgbà, ọmọdé, kò sẹ́ni tó rántí méjì-méjì. Wọ́n kọjá lórí ibi tí ọmọ mẹ́jọ dúró sí ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú, wọ́n tẹ ríbọ́nù búlúù mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n sì dojú kọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń fò, wọ́n ń ta ẹsẹ̀, wọ́n ń yí bìrí. Sigvard yí bìrí pẹ̀lú wọn, ó fi eré sí i.

"Jù ú sílẹ̀!" ni Gunvor ké.

"Jù ú sílẹ̀!" ni ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ké. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo wa jọ sọ ohun tó wà nínú wa.

Sigvard kò gbọ́, ó gbá a mọ́ àyà. Ó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, kóòtù funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ogójì ojú ewé ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ó sì ti ń sáré ni ọkà ń mì, bí ọkà sì ti ń mì ni màlúù ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí ọkọ̀ ìfọ́ngbẹ́ẹran, èyí tó ń fọ́n ìgbẹ́ màlúù sóko, tí Roland gbé wá fún àfihàn, ó fò wọ inú rẹ̀. Roland ti ní òun fọ̀ ọ́. Fífọ̀ ti Roland náà ni.

Màlúù yí ọkọ̀ náà ká. Sigvard dúró nínú ìgbẹ́ dé eékún, ó ń mí hẹlẹ, ẹ̀rọ ọrùn rẹ̀ sì ń gbé mímí náà fún gbogbo pápá gbọ́. Fíìu. Fíìu. Fíìu.

Gunvor rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ ti ìdí Majros kúrò lọ́nà.

"Sigvard, ṣé kí n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Fíìu."

"Ṣé màlúù mọ ètò? Àbí wọn ò mọ̀? Wọn ò mọ̀, àbí?"

"Fíìu! Fíìu!"

"Ṣé ká dá géètì irin wa padà?"

Kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń fa èémí. Roland, tó ti gba bírò nítorí ọwọ́ Ylva kò sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé: Ọ̀gá Àgbà gbà pẹ̀lú ohùn kan. Ìwé náà ṣì wà.

Gómìnà ní òun ò gbádùn ayẹyẹ tó báyìí rí. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò Sigvard nínú ìgbẹ́ jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gé e, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán karùn-ún. Ẹ ò ní rò pé wọ́n lé Sigvard. A kì í lé ọ̀gá ní ilẹ̀ wa, a máa ń wá iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ gùn fún un ni. Wọ́n sọ ọ́ di Olùdarí Pàtàkì fún Ìran Ọjọ́ Iwájú Lẹ́bàá Ọ̀nà. Ó ń ka àwọn pátákó ojú títì, bóyá wọ́n ṣì dúró.

Kó tó lọ, kò fọwọ́ sí ìwé Ylva. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà pé, Ylva kó ife kọfí rẹ̀ àti péà ìbọ̀sẹ̀ Tuva márùn-ún sínú páálí, ó sunkún díẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ọkọ̀ kò sí. Ibẹ̀ ni Gunvor ti bá a.

"Aago márùn-ún àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀," ni Gunvor wí. "Ó ń rùn. Ṣé o máa ṣe é?"

Ylva ronú. Ó ti kọ́ láti máa ronú kó tó mí. "Aago márùn-ún ti yá jù. Jẹ́léósinmi kì í ṣí títí di mẹ́fà."

"Aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà náà," ni Gunvor wí.

Ọdún yí po. Géètì irin ti padà sí ipò rẹ̀, àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn okùn. Èèyàn pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn kan sì ń bi ara wọn láìtijú pé, "Lọ́dún yìí náà ńkọ́, ṣé ọ̀gá kan máa sáré?" Irú èèyàn tí a jẹ́ nìyẹn. Ní aago méjìlá, Gunvor ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó gbé kọ́kọ́rọ́ géètì lé Ylva lọ́wọ́. Ylva wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ka ọmọ mẹ́jọ.

"Ó yá," ló wí.

Lẹ́yìn tí màlúù ti fò tẹ́rùn, ó mì bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa lẹ́ẹ̀kan láti fi kó wọn jọ. Ṣàkàṣàkà. Ọgọ́ta orí gbéra sókè. Níwájú ìlà àwọn tó ń ra wáfù, orí kan tún gbéra pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin kan nínú aṣọ òjò lásán fò fẹ̀rẹ̀ kúrò lórí ìlà, wáfù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó padà, ó wo wáfù, ó wo iye èèyàn tó tún ti tò sẹ́yìn, ó sì lọ dúró lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ylva gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún Gunvor. Ó fọwọ́, ó ra wáfù méjì, ọ̀kan fún Tuva, ó sì gbé èkejì lọ sí ìparí ìlà.

"Sigvard, ṣé kí n fi jáàmù sí i?"

Sigvard ya ẹnu, ó dà bí ẹni pé ó ní ohun púpọ̀ láti sọ, bóyá ogójì ojú ewé. Ó wo Ylva, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa lọ́ọ̀ọ́kán.

"Fíìu," ló wí.